Ilé Àdùnní Olórìṣà ní Ojú Ọ̀nà Ìbòkun

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní ojúlé 41A, ojú ọ̀nà Ìbòkun, ní ìlú Òṣogbo, tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí ilé Àdùnní Olórìṣà. Inú rẹ̀ ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó di olórìṣà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, gbé fún nǹkan bí ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún, títí ó fi papòdà ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009. Láti ìgbà tó ti kó dé ibẹ̀ ni àlejò ti ń wọ́ lọ síbẹ̀: oníṣẹ́ ọnà, olùkọ́ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́, olórìṣà, àti àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tí bọ́ọ̀sì ń kó wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ilé ìgbé ni, ibi iṣẹ́ ni, ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà sì ni pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí àṣà àbẹ̀wò síbẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba kọ́.

Bí àwọn Àgùdà ṣe ń kọ́lé ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà. Àwọn Àgùdà ni àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún 19, tí wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dání bọ̀. Láti Èkó ni irú ilé bẹ́ẹ̀, olójú fèrèsé púpọ̀ àti òpó tí wọ́n dárà sí, ti tàn dé àárín ilẹ̀ Yorùbá. Ibi tí owó bá dé ni ó ń dé, reluwé sì wà lára ohun tó gbé owó dé Òṣogbo. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 gba Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì wọ Òṣogbo ní 1907. Láti ìgbà náà ni oníṣòwò láti ibi gbogbo ti ń rọ́ lọ sí ìlú náà. Bí àwọn olówó Òṣogbo sì ṣe ń kọ́lé, wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì mọ kìnnìún àti ẹyẹ sí iwájú ilé wọn. Ọwọ́ tó mọ kìnnìún wọ̀nyẹn ṣe pàtàkì sí ìtàn yìí.

Ìlú Graz ni wọ́n ti bí Susanne Wenger, ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1915. Ó kọ́ṣẹ́ ọnà níbẹ̀ àti ní Vienna. Paris ni òun àti Ulli Beier ti pàdé ní 1949. Nígbà tí Beier rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó, wọ́n sì wá sí Nàìjíríà ní 1950. Kò pẹ́ tí ikọ́ ife fi gbé ìyàwó dè. Lẹ́yìn tí ó gbádùn, ọgbà yunifásítì kò wu àwọn méjèèjì mọ́, wọ́n sì kó lọ sí Ẹdẹ. Ẹdẹ ni Wenger ti bá Ajagẹmọ, olórí àwọn aworo Ọbàtálá ìlú náà, pàdé, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ti wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà. Láti Ẹdẹ wọ́n dé Ìlobùú, láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sí Òṣogbo nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ. Nígbà tí òun àti Beier pínyà, ó fẹ́ onílù kan, Àyánṣọlá Oníru, kò sì kúrò ní Òṣogbo mọ́. Ọmọ onílé ni ó ti dà, àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́ sì kún ilé ojú ọ̀nà Ìbòkun.

Iṣẹ́ tó sọ ilé náà di ibi àbẹ̀wò kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé rárá. Igbó Ọ̀ṣun ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ikán ti ń jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun tó wà ní etí odò, àwọn aworo sì ní kí Wenger bá wọn tún un ṣe. Kò wá akẹ́kọ̀ọ́jáde iṣẹ́ ọnà kankan kún un. Bíríkìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére ni ó kó jọ, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn: Adébísí Àkànjí tó ń mọ sìmẹ́ńtì, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta àti igi, Kàsálì Àkàngbé Ògún tó ń gbẹ́ igi gígùn bí ẹni tó fẹ́ fò, àti àwọn mìíràn. Ojúbọ kan bí òmíràn: ilẹ̀kùn, odi, ère Ìyá Mọòpó àti ilé Alájere, gbogbo rẹ̀ dìde láàrin igi igbó. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà yìí ni New Sacred Art.

Àkànjí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà tó kópa nínú ìdíje tí Beier ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko irú èyí tó wà níwájú ilé àwọn Àgùdà. Láti orí ìyẹn ni ó ti kọjá sí ògiri sìmẹ́ńtì alálàfo, tí ènìyàn àti ẹranko ń so mọ́ ara wọn nínú rẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń gbà á kọjá. Ó ṣe irú rẹ̀ sí ilé epo Esso ní Òṣogbo, ó ṣe é sí igbó, ó sì ṣe é sí ilé Wenger. Àlejò tó bá dé ilé náà ti ń wo iṣẹ́ ọnà kó tó kan ilẹ̀kùn.

Àkókò kan náà ni Òṣogbo ń gbóná ní ìhà mìíràn. Àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká àti Chinua Achebe, pẹ̀lú Beier, ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Dúró Ládìípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di irú ibẹ̀, àwọn ará ọjà sì fi èdè ara wọn sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀. Ibẹ̀ ni Ládìípọ̀ ti gbé eré Ọba Mọ́rò jáde, Ọba Kò So sì tẹ̀lé e ní 1963. Ní àwọn ìsinmi kan, Denis Williams, lẹ́yìn rẹ̀ Georgina Beier ní 1964, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n fún wọn ní àwọ̀ àti pátákó, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kùn bó ṣe wù wọ́n. Láàrin wọn ni Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Rufus Ògúndélé àti Bísí Fábùnmi ti jáde. Ènìyàn kò gbọ́dọ̀ pò wọ́n mọ́ àwọn oníṣẹ́ igbó, nítorí ọ̀tọ̀ ni kíkùn fún títà, ọ̀tọ̀ ni mímọ ojúbọ. Ṣùgbọ́n àlejò tó wá rí àwọn kan kì í lọ láìdé ọ̀dọ̀ àwọn kejì, èyí ló sì jẹ́ kí Òṣogbo di ìlú tí a ń ti ilé oníṣẹ́ ọnà kan bọ́ sí òmíràn.

Ìrìn náà ní ètò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lọ máa ń ránṣẹ́ ṣáájú, nítorí ilé ẹni ni, kì í ṣe ọjà. Bí wọ́n bá dé, wọn a kí àwọn ará ilé, ọ̀kan nínú àwọn onílé a sì ṣe amọ̀nà. Ìsàlẹ̀ ilé ni ère igi ti pọ̀ jù, ère ti ara ògiri, ère ti ń bá ènìyàn du àyè. Lẹ́yìn náà ni wọn a gun àtẹ̀gùn lọ sókè, níbi tí Wenger ti ń gba àlejò nígbà ayé rẹ̀. Àwọn aṣọ ńláńlá tí ó fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya àwòrán sí, ní ìlànà àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ó kọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Yorùbá, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ rí. Ṣàngódáre Àjàlá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́, mú iṣẹ́ aṣọ yẹn lọ síwájú títí ó fi ní orúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn ilé ni igbó kàn. Ó sàn kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n ti igbó wá sílé, torí ẹni tó bá ti mọ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ní kékeré nínú ilé ni yóò dá wọn mọ̀ nígbà tí ère bá ga ju ilé lọ.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ ń gbà yí padà pẹ̀lú ìgbà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 lè wọ ọkọ̀ ojú irin gba Ifọ̀, tàbí kó gba títì Abẹ́òkúta tàbí ti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbàdàn. Ní 1978 ni títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí, tó gba Ìbafò àti Mowé kọjá. Láti ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti lè kúrò ní Èkó láàárọ̀ kó sì dé Òṣogbo lọ́jọ́ kan náà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá gbà fún un. Oṣù kẹjọ ni èrò pọ̀ jù, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, láti Ìwọ́pópó àti títan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún dé ọjọ́ tí Arugbá gbé igbá lọ sódò. Àwọn olórìṣà láti Brazil àti Amẹ́ríkà máa ń wá nígbà náà. Ẹni tó fẹ́ wo iṣẹ́ ọnà dáadáa yóò yan oṣù mìíràn.

Ilé Wenger nìkan kọ́ ni àlejò ń dé. Nígbà ayé rẹ̀, Twins Seven-Seven ní agboolé tirẹ̀ ní Òṣogbo, tí àwọn ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Níkẹ ti Ògìdì, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, jáde kúrò níbẹ̀, ó sì dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ní pàtàkì fún àdìrẹ. Òun náà ló ṣí ilé ìpàtẹ ńlá ti Lẹ́kí ní 2009, tí ẹnikẹ́ni ń wọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀, tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí Òṣogbo, ẹni tó bá sùn níbẹ̀ sì ń sùn sáàrin iṣẹ́ rẹ̀. Oyèlámì padà sí Ìragbìjí, ìlú rẹ̀, ó sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìjọba ti kọ́kọ́ kéde apá kan Igbó Ọ̀ṣun ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí héktà 75 ní 1992. Ní 2005 UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ ogún àgbáyé, ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Èrò pọ̀ sí i. Ní ẹnubodè igbó, owó ìwọlé wà, ti kámẹ́rà sì wà lọ́tọ̀. Ìpalára sì bá a rìn: òjò ń la sìmẹ́ńtì, ikán kò sì sinmi, nítorí náà àtúnṣe kì í tán. Láti bí 2021 ni omi Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti dàrú nítorí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò, tí ìjọba sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Àlejò tó wá rí ère tún ń rí omi aláwọ̀ ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn ikú Wenger, àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́ àti ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Àdùnní Olórìṣà ni iṣẹ́ ìtọ́jú já lé léjìká. Ọ̀nà mìíràn ni Èkó gbà láti tọ́jú ilé olórin kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ọjọ́ ìbí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1938, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ìfilọ́lẹ̀ ilé rẹ̀ tó kẹ́yìn, ní òpópónà Gbemisola, Ìkẹjà, gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kalakuta. Yàrá Fẹlá wà bí ó ṣe fi í sílẹ̀, aṣọ àti bàtà rẹ̀ ni wọ́n pàtẹ, sàréè rẹ̀ sì wà níwájú ilé. Níbẹ̀, ohun tí ẹni tó lọ lò ni àlejò ń wò. Ní ojú ọ̀nà Ìbòkun, ìdílé ṣì wà nínú ilé, àwọn tó bá Wenger ṣiṣẹ́ àti àwọn ọmọ wọn ṣì ń gbẹ́, wọ́n ṣì ń mọ, wọ́n sì ń ta iṣẹ́ wọn fún àlejò tó bá fẹ́ rà.