Ewé Lójú Títì: Bí Ọ̀nà Ṣe Ń Bá Ọkọ̀ Sọ̀rọ̀

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi nílé ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ́, ó sì mú ìwé ètò ìwádìí olójú-ewé mẹ́rìndínlógún dání. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo wá tọrọ." Ohun tó ń wá orúkọ Yorùbá fún ni èyí tí wọ́n ń pè ní vehicle-to-infrastructure communication. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ọ rí, bó ṣe rí nìyí: wọ́n á gbé àpótí kékeré kan tó ní rédíò nínú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á gbé irú rẹ̀ sínú ọkọ̀. Tẹ̀gbẹ́ títì á máa sọ fún ti inú ọkọ̀ pé kọ́nà wà níwájú, iná adarí-ọkọ̀ ti fẹ́ pọ́n, ọkọ̀ kan ti dákú sójú ọ̀nà, kí awakọ̀ tó fi ojú ara rẹ̀ rí i. "Kí ìjàǹbá lè dín kù ni, sà," ló wí. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí n má parọ́, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí mo fi rí orúkọ: ìtàkùrọ̀sọ ọ̀nà àti ọkọ̀. Gbogbo ọjọ́ tó kù, mo ń rò ó pé ṣé nǹkan tuntun tiẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo ti ń sọ fún wọn pé kò sí ọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ ọ, àti ohun tí àwọn méjèèjì jọ gbà pé àmì náà dúró fún. Bí ọ̀nà bá máa sọ̀rọ̀, òfin yìí náà ló máa dè é. Ọ̀nà ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́ kí rédíò tó dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń tọ̀ ọ́. Òṣíẹ̀lẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó ti Abẹ́òkúta lọ Ìbàdàn. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Oshielle; William Moore, tó jẹ́ ènìyàn dúdú bíi tiwa, ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn níbẹ̀. Láyé ọ̀nà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣáájú dé oríta á já ewé, á tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà tí kò gbà, kí ará ẹ̀yìn má baà ṣìnà. Olóko á so ààlè. Ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn á di àrokò. Kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé ewé yẹn fún ọmọdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Rélùwéè ló kọ́kọ́ mú ìjọba wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Èkó. Ní 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá. Ojú irin ẹyọ kan ni fún àlọ àti àbọ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí rẹ̀, kò sí ibi tí ọ̀kan fẹ́ yà sí. Nítorí náà, ojú irin kò lè yadi. Wáyà wà láti ibùdó kan sí èkejì, apá irin wà lórí òpó tó ń sọ fún awakọ̀ pé dúró tàbí máa bọ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣí láìgbàṣẹ. Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan: ẹni tó ni ojú irin náà ló ni ọkọ̀, òun náà ló ń sanwó oṣù fún ẹni tó ń gbé apá irin sókè àti fún ẹni tó ń wò ó. Olùsọ àti olùgbọ́ ń jẹun nínú abọ́ kan. Títì kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀ rí. Ìjọba ló ni títì, ẹnikẹ́ni tó bá lówó ló ni ọkọ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan wà tí mo rí i tí títì Nàìjíríà sọ̀rọ̀ tí gbogbo ọkọ̀ sì gbọ́. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni. Títí di àná ọjọ́ náà, apá òsì títì la fi ń wakọ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa; ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ó di apá ọ̀tún. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Gírámà títì yí padà lóru ọjọ́ kan, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ láìṣìsọ, ó kéré tán lójú tèmi. Rédíò ti pariwo rẹ̀ dé ibi pé ẹni tí kò ní mọ́tò pàápàá mọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ọkọ̀ o. Olùgbọ́ la múra sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Ní àárín 1980 sí 1990, mo ń ti Ìbàdàn bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ èrò. A ti kọjá Ọ̀dẹ̀dá tí dẹ́rẹ́bà wa ṣàdédé tẹ bíréèkì. "Án ti já ewé o," ló wí. Àwa Ẹ̀gbá la máa ń sọ "án" níbi tí àwọn mìíràn ti ń sọ "wọ́n". Ẹ̀ka igi tútù ni, wọ́n tò ó láti ọ̀ọ́kán wá. A rọra ń lọ, àfi gàgà! Akẹ́rù tó ru òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ ló dákú síbẹ̀, kò sí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀, ó dúdú bí òru náà ṣe dúdú. Àwa mẹ́rìnlá ló wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó já ewé yẹn kò mọ̀ wá, a kò sì mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án. Akẹ́rù ti lọ, ewé ti gbẹ, ṣùgbọ́n òkúta ńlá tí wọ́n fi há táyà rẹ̀ ṣì wà láàárín títì. Ìkìlọ̀ ti di ewu fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ewé kì í pa ara rẹ̀ rẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán. Àwọn olè náà sì mọ èdè yìí: àwọn náà ń gbé igi dábùú títì lóru, débi pé dẹ́rẹ́bà tó bá rí ewé lókùnkùn á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló já a. Nígbà tí mo ka ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo rí i pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti bá ìyọnu méjèèjì jà. Ìkìlọ̀ tí àpótí wọn ń rán máa ń gbé àkókò tí yóò kú dání, ó sì ní òǹtẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń mọ̀ pé kì í ṣe gbájú-ẹ̀ ló rán an. Inú mi dùn. Èyí sàn ju ewé lọ lóòótọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ títì di ọ̀ràn ìlú lọ́dọ̀ wa ni Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta. Ní 1965 ni eré rẹ̀ The Road jáde. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Professor, kì í ṣe èmi o, fa àmì tó ń kìlọ̀ kọ́nà tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì gbé e lọ. Òǹkọ̀wé yìí kan náà, nígbà tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, ló wà nídìí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977. Òun náà sì ni alága àkọ́kọ́ fún FRSC, tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin 45 dá a sílẹ̀ ní oṣù kejì 1988. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì. Àmì tí wọ́n fà tu kì í ṣe nínú eré nìkan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì wa: òpó ń bẹ, pátákó orí rẹ̀ ti di irin àlòkù lọ́jà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí pátákó lásán gbé níbẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe fún àpótí tó ní bátìrì àti páànù sólà? Ojú-ewé mẹ́rìndínlógún, kò sí ìlà kan lórí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Àléébù tó tóbi jù nínú ètò náà kọ́ nìyẹn, olùgbọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀. Ní 1999, àjọ FCC ya 75 megahertz sọ́tọ̀ lórí ìgbì rédíò 5.9 gigahertz kí ọ̀nà àti ọkọ̀ máa fi sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá 2020, wọ́n pinnu láti gba 45 padà fún Wi-Fi; 30 ló ṣẹ́ kù. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní àwọn ò lè fi etí sí ọkọ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn tó ni títì náà ní àwọn ò lè máa sọ̀rọ̀ fún ọkọ̀ tí kò létí. Ibi tí wọ́n ti rí nǹkan kọ́ ni Wyoming, ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta tí ìjọba wọn yàn fún ìdánwò ní 2015. Ọ̀nà I-80 níbẹ̀ ga, ìjì rẹ̀ ń bi akẹ́rù ṣubú, yìnyín sì ń bò ó. Wọn kò ní àwọn fẹ́ dán ẹ̀rọ wò lásán. Wọ́n ní ìjì ń da akẹ́rù wa nù, kí ni ká sọ fún awakọ̀, ibo la ti máa sọ ọ́? Wọ́n mọ ohun tó ń pa wọ́n kí wọ́n tó ra àpótí.

Nínú ètò ọ̀dọ́mọkùnrin wa, iná adarí-ọkọ̀ ló fẹ́ kí àpótí máa bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo bi í pé iná adarí-ọkọ̀ mélòó ló wà láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Ọ̀dẹ̀dá. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ jókòó sí tòsí ọjà Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kó wo ohun tó ń kọjá: bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tó dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, akẹ́rù òkúta, Márúwá, ọ̀kadà tó gbé akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Èwo nínú wọn ló ní etí tí àpótí rẹ̀ máa bá sọ̀rọ̀? Àjọ WHO ní èèyàn mílíọ̀nù 1.19 ló kú lójú pópó kárí ayé ní 2021, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì wà ní irú àwọn orílẹ̀-èdè tiwa yìí, níbi tí ọkọ̀ kò ti létí.

Ìmọ̀ràn tí mo fún un ni pé kí ọdún àkọ́kọ́ ìwádìí náà má ní àpótí kankan. Kó ka iye ọkọ̀ tó ń dákú sójú títì lóru, ibi tí wọ́n ń dákú sí, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀, ẹni tó ń kìlọ̀. Lẹ́yìn náà, kó gbé fìtílà sólà kan sí kọ́nà tó burú jù, èyí tí á máa ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ bá ti dákú níwájú tí á sì kú nígbà tí wọ́n bá wọ́ ọ kúrò. Gbogbo ọkọ̀ ló lójú, kódà èyí tí kò létí. Kí ìkìlọ̀ kan náà gba orí fóònù lọ sọ́dọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà tó ní in. Èkó ti ní rédíò tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀nà láti 2012, 96.1 FM, àwọn awakọ̀ ti mọ̀ pé ọ̀nà lè gba etí bá àwọn sọ̀rọ̀.

Ó kù sí ibi tó kan iṣẹ́ mi. Ohùn tí fóònù yóò máa fi sọ̀rọ̀ ni mo ní kó gbé wá kí n gbọ́. Kọ̀ǹpútà ló ní kó ka "Ọkọ̀ ti kú níwájú." Ẹ̀rọ náà gbé ohùn ìsàlẹ̀ jù sọnù, ó ní, "Ọkọ ti kú níwájú." Ẹ sáà rò ó wò, bọ́ọ̀sì tó kún fún ìyá ọlọ́jà, kí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bú jáde lóru! Mo ní kó jẹ́ kí èèyàn gba ohùn náà sílẹ̀. A tún jiyàn lórí "Rọra" àti "Ẹ rọra". Ó ní "Rọra" yá ju, ààyè kò sí. Mo ní dẹ́rẹ́bà ẹni ọgọ́ta ọdún tí ẹ̀rọ bá sọ "Rọra" fún á kọ́kọ́ bínú ná, ìbínú yẹn á sì gba àkókò ju "ẹ" ẹyọ kan lọ. A fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìwádìí.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti jókòó fún òru mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Akẹ́rù méjì ló dákú. Ọ̀kan ní ewé lẹ́yìn, èkejì kò ní. Mo bi í pé ta ló já ewé ti àkọ́kọ́. Ó ní òun kò bèèrè. Mo ní kó padà lọ bèèrè.