Ilẹ̀kùn Tí A Tì Ní Ọdún 1902: Ìtàn Àwọn Oníṣègùn Aláwọ̀ Dúdú Nínú Iṣẹ́ Ìjọba



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ dá lórí iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe ti ewé àti egbò, bí kò ṣe ti ìṣègùn tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé òyìnbó nìkan ni ó kọ́kọ́ ṣe dókítà ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni a kọ́ àwọn ọmọ wa títí wọ́n fi dé ipò náà. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1859, ọmọ bíbí ilẹ̀ adúláwọ̀ méjì ti di oníṣègùn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú oyè ọ̀gá ogun. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ kì í bá ṣe òyìnbó kò lè wọ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba. Báwo ni ohun tí ó ti ṣí sílẹ̀ ṣe di títì? Ta ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀? Ìbéèrè méjì yìí ni ó mú wa dìde láti sọ̀rọ̀.

Ibà ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn náà. Nígbà náà, ibojì òyìnbó ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe etíkun wa, nítorí pé bí ibà ti ń pa àwọn ọmọ ogun wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa àwọn oníṣègùn tí a rán wá tọ́jú wọn. Àwọn aláṣẹ Ilé-Iṣẹ́ Ogun rò ó pé ara ẹni tí a bí síbẹ̀ yóò gba ilẹ̀ náà ju ti àlejò lọ. Ní ọdún 1855 wọ́n yan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Sàró, wọ́n sì rán wọn lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìṣègùn. Orúkọ wọn ni William Broughton Davies, James Beale Horton àti Samuel Campbell. Ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni Davies. Ọmọ Ìgbò ni Horton. Àìsàn dá Campbell padà sílé, ó sì kú. Àwọn méjì tí ó kù kàwé ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ré kọjá sí Skọ́tíláǹdì. Davies gba oyè dókítà ní St Andrews ní 1858, Horton sì gba tirẹ̀ ní Edinburgh ní 1859. Horton fi Africanus kún orúkọ ara rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ ibi tí ó ti wá.

Àwọn méjèèjì sin ìjọba ní etíkun wa fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Horton kọ ìwé lórí ojú ọjọ́ àti àrùn ilẹ̀ wa. Ní 1861 ni ó ti ń bẹ Ilé-Iṣẹ́ Ogun pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Sàró, kí àwọn ọ̀dọ́ má baà máa sọdá òkun kí wọ́n tó lè kọ́ iṣẹ́ náà. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Àwọn oníṣègùn òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ogun ti ń kùn pé àwọn ọmọ ogun kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú dókítà dúdú. Ilé-Iṣẹ́ Ogun sì gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Wọn kò tún rán ọ̀wọ́ mìíràn lọ kàwé mọ́. Horton fẹ̀yìntì ní 1880, ó sì kú ní 1883.

Nígbà tí ìjọba dáwọ́ dúró, àwọn míṣọ́nnárì kò dáwọ́ dúró. Ní Abẹ́òkúta, Dókítà Harrison ti ìjọ C.M.S. kó àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ jọ ní 1861, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn ní ìṣègùn. Ikú pa á ní 1864, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Nathaniel King, kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà ṣòfò. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas King, tí ó bá Crowther ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá. Nathaniel kàwé lọ títí ó fi di dókítà, ó padà sí Èkó, ó sì ń wo àwọn ènìyàn sàn títí ó fi kú ní 1884, tí kò ì pé ẹni ogójì ọdún.

Lẹ́yìn King ni àwọn mìíràn tẹ̀lé e, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi owó àwọn ẹbí tàbí owó ara wọn kàwé. Obadiah Johnson, àbúrò Àlùfáà Samuel Johnson, wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1889. (Òun náà ni ó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ṣe nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ sọnù, ẹni tí ó bá ka ìwé náà, kí ó rántí pé ọwọ́ oníṣègùn ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.) John Randle náà ṣe dókítà ìjọba, ṣùgbọ́n ó rí i pé iṣẹ́ kan náà ni òun àti òyìnbó ń ṣe, owó oṣù kò sì dọ́gba. Ó jà sí i, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 1893. Ẹ kíyèsí i pé ìyàtọ̀ ti wà nínú owó kí ó tó wà nínú òfin. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣì ṣí: ẹni tí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí lè wọlé.

Ohun méjì ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Èkíní ni pé ní 1897 Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Láti ìgbà náà, pẹ̀lú kuníìnì àti àwọ̀n ẹ̀fọn, òyìnbó lè gbé ní etíkun wa kí ó sì padà sílé láàyè. Èkejì ni pé ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí ti pọ̀ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti pọ̀ sí i, àwọn ìyàwó òyìnbó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí bá ọkọ wọn wá. Ìdí tí a fi wá dókítà dúdú tẹ́lẹ̀, èyíinì ni ikú òyìnbó, ti dínkù.

Ní ọdún 1902, Joseph Chamberlain, mínísítà tí ó ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè, pa iṣẹ́ ìṣègùn ilẹ̀ mẹ́fà pọ̀ di ọ̀kan: Gambia, Sàró, Gold Coast, Èkó, Gúúsù Nàìjíríà àti Àríwá Nàìjíríà. A kò ní sọ pé àtúnṣe náà kò ní ire kankan nínú. Kí ó tó dé, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wá dókítà tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí àrùn bá sì bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, kò rọrùn láti rán ènìyàn láti ibòmíràn lọ. Owó oṣù, ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì wá di ohun tí a là sílẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn tí òbí wọn jẹ́ òyìnbó nìkan ni a ó gbà. Ìdí tí a sọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó àti aya wọn kò ní fẹ́ kí dókítà dúdú tọ́jú wọn. Àwọn dókítà dúdú tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni a kọ sínú ìwé mìíràn, lábẹ́ orúkọ oníṣègùn ìbílẹ̀. Owó wọn kéré. Àgbà inú wọn sì di ẹni tí ó wà lábẹ́ òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò ní 1909, wọ́n ní kí ó máa bá bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀rọ̀ tiwa, ìtìjú àwọn dókítà wọ̀nyí kọ́ ni ó burú jù nínú ọ̀ràn yìí, bí ó tilẹ̀ burú. Àwọn aláìsàn ni kí a rò. Kí a sì tó lè mọ ohun tí wọ́n pàdánù, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnìkan tí ó ti wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì.

Ọ̀gúntọ́lá Sàpàrà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Freetown ní 1861, wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1896. Ṣànpọ̀nná ń pa àwọn ènìyàn ní àgbègbè Èkó, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbà á. Sàpàrà fura pé nǹkan kan wà lẹ́yìn àrùn náà. Nítorí náà ó dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í tan àrùn náà ká, nítorí pé àwọn ni ó ń jogún ẹrù ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá pa. Ìròyìn tí ó mú wá ni ó mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: dókítà wo ni ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé tí ó lè jókòó láàrín àwọn abọrẹ̀ kí wọ́n má mọ̀ ọ́n? Èdè ni ó fi wọlé, àṣà ni ó fi jókòó. Ohun tí òfin 1902 tì mọ́ ìta gan-an nìyẹn. Sàpàrà ṣiṣẹ́ títí di 1928, ìwé àwọn ẹni ìsàlẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì wà.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gba oyè dókítà lẹ́yìn 1902 rí ọ̀nà náà bí ó ti rí. Púpọ̀ nínú wọn ṣí ilé ìwòsàn tiwọn ní Èkó, níbi tí àwọn ọlọ́jà àti àwọn ọmọ Sàró lè sanwó. Àwọn ìlú òkè kò sì rí wọn. Àwọn mìíràn bọ́ sínú ìṣèlú: Randle àti Ọ̀rìṣàdìpẹ̀ Ọbasá, dókítà méjèèjì, ni ó dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908. Nígbà tí àwọn aṣáájú ilẹ̀ mẹ́rin ṣe àpérò ní Accra ní 1920, ọ̀ràn àwọn dókítà wà lára ẹ̀sùn wọn. A máa ń rò pé ó ṣeé ṣe kí ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àwọn alátakò rẹ̀.

Àìní tún ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà ní ìdajì. Láti 1924 títí di 1930, àrùn eku jà ní Èkó. Lára àwọn tí ó dojú kọ ọ́ ni Dókítà Isaac Ládìípọ̀ Olúwọlé, tí ó kàwé ní Glasgow. Ó tún iṣẹ́ àwọn wolé-wolé ṣe, ìmọ́tótó ìlú sì wá di iṣẹ́ gidi. Ó hàn pé dókítà kò tó. Nítorí náà ní 1930 ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá. Ó ṣeni láàánú pé ohun tí Horton béèrè ní 1861 dé lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, kò sì dé ní pípé: olùrànlọ́wọ́ ni a kọ́ níbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí wọn kò sì wúlò ní òkè òkun. Kì í ṣe ohun ìyanu pé àwọn ará Èkó bínú. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934 láti tako ètò Yábàá ní dókítà kan, James Churchill Vaughan, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ti àwọn obìnrin tún le ju ti ọkùnrin lọ. Agnes Yéwándé Savage, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ní Èkó, gba oyè ní Edinburgh ní 1929. Nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Gold Coast, wọn kò fún un ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún dókítà òyìnbó, títí di 1945. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì gba tirẹ̀ ní Dublin ní 1938, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe dókítà ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn ogun ńlá kejì, nǹkan yára. University College ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ìṣègùn sì wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1951 Samuel Manúwà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí gbogbo iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba, ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ́yìn òfin Chamberlain. Ilé ìwòsàn ńlá U.C.H. ṣílẹ̀kùn ní 1957.

A kò lè ṣàì mẹ́nu ba ohun kan kí a tó jókòó. Ní ọdún 1948 kan náà, Gẹ̀ẹ́sì ṣe àtúnṣe iṣẹ́ ìṣègùn nílé ara wọn, pé kí gbogbo ará ìlú máa gba ìtọ́jú láìsanwó lójú ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà kò tó, wọ́n sì ń wá wọn kiri ayé. Kofoworọlá Abẹ́ní Pratt, tí ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà. Òun padà wálé ní 1954, ó sì di mátírọ́nù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní U.C.H. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà ni kò padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ka àbá kan lẹ́ẹ̀kejì, pé kí dókítà tí a kọ́ ní Nàìjíríà ṣiṣẹ́ níhìn-ín fún ọdún márùn-ún kí a tó fún un ní ìwé-àṣẹ pípé. Àwọn dókítà ọ̀dọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún ní oṣù Karùn-ún, àbá náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń jà sí. Sáà ilé aṣòfin náà parí ní oṣù Kẹfà, àbá náà kò sì tíì di òfin.