Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Pè É

Nígbà tí a gbé àkọ́bí mi obìnrin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìsàmì, ìyá mi ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nígbà tí àwa fi wọlé, ó ti wà ní ìjókòó iwájú, ó wé gèlè, ó sì mú aṣọ funfun tí yóò fi gba ọmọ náà lọ́wọ́. Àlùfáà bèèrè orúkọ ọmọ, àwọn onígbọ̀wọ́ sì dá a lóhùn bí ó ti yẹ; ni ìyá mi bá fi tirẹ̀ kún un láti ẹ̀yìn: “Àti Àbẹ̀kẹ́!” Ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ìtàn ni iṣẹ́ mi, ìbéèrè kan sì ti gbà mí lọ́kàn: báwo ni ìyá àgbà ilẹ̀ Yorùbá ṣe di ẹni tí ń yọ ayọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí omi ìsàmì? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní àtètèkọ́ṣe.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọwọ́ àwọn àgbà ilé ni ìsọmọlórúkọ wà: ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì. Àwọn ni wọ́n ń fi omi, oyin, iyọ̀ àti obì wúre fún un. Nígbà tí àwọn oníwàásù dé, tí wọ́n ní kí a tún ọmọ sọ lórúkọ níwájú Ọlọ́run mìíràn, ohun tí àgbà rí ni pé a ń gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi ìyà jẹ àwọn onígbàgbọ́ ní ọdún 1849. Ní ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí a lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde ní ìlú. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìsàmì, sọ ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Àmì tí àgbà mọ̀ ni ilà tí a ń kọ sí ojú ọmọ kí a lè mọ ilé tí ó ti wá. Ta ni ó tún fẹ́ sàmì sí ọmọ tí ó ti ní àmì?

Ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù wà nínú ìtàn Àfàlá, ìyá Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí a sì kó ìyá àti ọmọ lẹ́rú. A ta Àjàyí títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni a sàmì fún un, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Kò sọ Àjàyí nù. Àmútọ̀runwá ni, ó bá a wá sáyé. Mo rò pé kò sí àlùfáà tí ìbá lè bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé Asano níyàwó, ẹni tí òun náà ti di Susan. Wọ́n bí ọmọ, wọ́n ń sọ wọ́n ní Samuel, Abigail, Susan, Josiah, Juliana, àti Dandeson tí í ṣe àbíkẹ́yìn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé mi: gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a sọ lórúkọ tí ìyá bàbá wọn kò sì sí níbẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan iyọ̀, kò sí ẹni tí yóò fún wọn ní oríkì Òṣogùn.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Crowther fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìròyìn ọjọ́ náà. Ó yẹ kí akọ̀tàn ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí àwọn tí ń fi owó ránṣẹ́ láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún, wọ́n sì fẹ́ràn omijé ìyá. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò lè já mọ́ nǹkan lójú ará London, òun ni mo sì ṣe gbà á gbọ́. Ó ní bí ìyá òun ti di òun lọ́wọ́ mú, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà òun fi ń pe òun nígbà èwe ni ó fi ń pe òun. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú. Alùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé lórí ní London, dúró níbẹ̀ tí a ń kì í.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, Àfàlá wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ sàmì fún ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Nínú Ìwé Mímọ́, Hannah ni ìyá Samuel. Ní tèmi o, orúkọ yìí ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Títí di ọjọ́ náà, ọmọ àti ọmọ ọmọ wà nínú ilé orúkọ kan, òun sì wà lóde. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Ìyá àgbà ni ó tọ̀ wọ́n wá. Ohun tí ogun fọ́ ní Òṣogùn, omi yìí dà á pọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Àfàlá kọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ì tí ì bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ogun ṣẹ́ kù nínú ilé ọ̀hún?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé ìsàmì ni ó jí orúkọ wa gbé. Wọn kò purọ́ tán. Ní ọdún 1894, David Brown Vincent bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Mojọlà Àgbẹ́bí, àwa olùkọ́ sì ń fi í ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ka àwọn ìyá àgbà mọ́ ọn, àwọn tí kò kọ ìwé ìròyìn, tí wọ́n ń gba ọmọ láti ọwọ́ àlùfáà, tí wọ́n sì ń kì í kí ó tó dé ilé.

Àfàlá gbó, ó tọ́. Ọdún 1883 ni ó kú. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún nígbà náà tí Abigail, ọmọ Àjàyí, ti bí ọmọkùnrin kan ní Èkó, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1864, ọdún kan náà tí a fi bàbá rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni Herbert Samuel Heelas Macaulay. Àwọn ará ilé fi Ọláyínká kún un.