Dangbé, ejò Ouidah: kí ló ń jẹ?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Faransé pè mí lálẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ni. Ó ní, "Àbúrò, gbà mí. Ọmọ mi ra ejò." Ejò ọ̀hún wà nínú àpótí dígí, ó ti tó oṣù méjì tí kò fẹnu kan nǹkan, ọmọ ń sunkún, ìyàwó sì ti búra pé ejò ò ní kú sínú ilé òun. Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí mo ṣe rí i, ẹ̀rín pa mí. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìlú yín lẹ há mọ́ inú dígí yẹn." Dangbé ni! Ejò Ouidah, ìbátan erè, tí àwọn Faransé ń pè ní python royal.

Kí Ouidah tó bọ́ sọ́wọ́ Dàhòmẹ̀, ìjọba Xwéda ló ni ín, Savi sì ni olú-ìlú wọn. Dangbé ni òrìṣà tó ga jù níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí ọ̀tá ń lé ọba Kpassè, inú igbó ló sá wọ̀, àwọn ejò yìí sì jáde láti dáàbò bò ó. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á.

Bosman, oníṣòwò ará Holland kan tó dé Xwéda ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kọ̀wé nípa ilé ejò náà. Ó ní ọba àti àwọn èèyàn máa ń gbé owó, aṣọ, ẹran ọ̀sìn, oúnjẹ àti ọtí lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ejò kì í mu ọtí, kì í jẹ oúnjẹ sísè. Ẹ mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Bosman náà ló sọ ti ẹlẹ́dẹ̀ kan ní 1697 tí ejò bù jẹ, tí ẹlẹ́dẹ̀ sì gbé ejò mì lójú gbogbo èèyàn. Àwọn àwòrò ké gbàjarè lọ bá ọba, ọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ náà.

Ní 1727, Agaja ọba Dàhòmẹ̀ ṣẹ́gun Xwéda. Snelgrave, ọ̀gákọ̀ òkun ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun mú àwọn ejò náà, wọ́n ní bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà lóòótọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gba ara wọn. Ejò ò sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ́ wọn lórí, wọ́n yan wọ́n, wọ́n jẹ wọ́n. Àwa ọmọ Kétu tí ogun Dàhòmẹ̀ fọ́ ìlú wa ní 1886 mọ irú àwọn tí à ń sọ. Síbẹ̀ Dangbé kò parun. Ilé rẹ̀ ṣì wà ní Ouidah lónìí, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì.

Nígbà tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀, ọmọbìnrin kan béèrè ìbéèrè tó dára jù: "Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?" Kò sẹ́ni kankan. Wọ́n máa ń tú wọn sílẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n lọ wá tẹnu wọn. Ẹni tó bá bá ọ̀kan nínú yàrá rẹ̀ á rọra gbé e padà.

Eku ni wọ́n ń wá kiri. Àwọn kékeré máa ń gun igi lọ jẹ ẹyẹ, àwọn tó dàgbà ń jẹ eku oko. Inú ihò eku àti òkìtì ikán ni wọ́n ń gbé. Wọn kò ní oró; wọ́n á wé mọ́ ẹran títí ẹ̀mí rẹ̀ á fi bọ́, wọ́n á wá gbé e mì lódindi, tegungun tirun. Odindi yẹn gan-an ni àṣírí oúnjẹ wọn, torí inú egungun àti ẹ̀dọ̀ ni ohun tí ara wọn ń fẹ́ wà. Ẹran màlúù tí a gé kò tó wọn. Ẹ má sì fún wọn ní wàrà, ohun yòówù kí wọ́n sọ fún yín.

Nítorí náà mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé: èkúté kan ṣoṣo, tí kò sanra ju ibi tí ara ejò ti tóbi jù lọ. Ọmọ ejò á jẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àgbà á jẹ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Èkúté inú yìnyín tí wọ́n ń rà yẹn, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí á fi yọ́, tí á sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí wọ́n fi fún un lálẹ́. Omi mímu kò gbọdọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n oúnjẹ gan-an kọ́ ni ìṣòro. Ẹranko inú ihò ni wọ́n gbé sínú dígí tí gbogbo ojú ń wò! Ẹ bo ẹ̀gbẹ́ dígí, ẹ fi ìkòkò ẹlẹ́nu tóóró sí ibi tó móoru, òmíràn síbi tó tutù díẹ̀, kí ọmọ má sì fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan. Ejò yìí mọ ààwẹ̀ gbà: abo tó ká mọ́ ẹyin rẹ̀ máa ń wà bẹ́ẹ̀ bí oṣù méjì láìjẹun. Bí ó bá ń rù tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà ẹranko.

Báwo ló ṣe dé Faransé? Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Tógò, Benin àti Gánà ló ń kó wọn ránṣẹ́ jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn èèyàn máa ń wa abo tó lóyún jáde nínú ihò, wọn á pa ẹyin rẹ̀ sí oko ejò, wọn á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú àpò, ó di Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí ará Amẹ́ríkà kan ti bí àfín rẹ̀ ní 1992, ọ̀pọ̀ ló ń wá aláwọ̀ oríṣiríṣi. Òfin CITES wà lórí òwò náà, mi ò ní kò sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àgbẹ̀ wa á ta ejò ní owó kékeré, á sì padà lọ ra májèlé fún eku tó ń jẹ àgbàdo rẹ̀ nínú àká. Ejò tí ì bá bá a pa wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ní àná, ẹ̀gbọ́n fi ohùn ránṣẹ́. Ejò ti jẹ. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ mọ iye ọdún tí irú rẹ̀ máa ń lò láyé. Mo dáhùn pé ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tó ti lé ní 60 ọdún yé ẹyin ní 2020. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.