Báwo ni Beorn ṣe tóbi tó? Ọkùnrin tó ń di béárì nínú fíìmù The Hobbit

Nígbà ọlidé, tí àwọn ọmọ bá pé jọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ láti wo fíìmù, àríyànjiyàn kan kì í tán láàárín wọn: béárì inú The Hobbit yẹn, báwo ló ṣe tóbi tó gan-an? Ọ̀kan á ní ó tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èkejì á ní kò ju màlúù lọ. A ti wo fíìmù náà, a sì ti ka ìwé tí wọ́n ti mú un jáde. Ohun tí a rí rèé.

Ta ni Beorn?

J.R.R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford, ló kọ ìwé The Hobbit, tó jáde ní 1937. Peter Jackson sọ ọ́ di fíìmù alápá mẹ́ta, tó jáde láti 2012 sí 2014. Apá kejì, The Desolation of Smaug (2013), ni Beorn ti kọ́kọ́ yọjú. Mikael Persbrandt, òṣèré ọmọ Sweden, ló ṣe é.

Èèyàn ni Beorn nígbà mìíràn, béárì ni nígbà mìíràn. Ó fi díẹ̀ jọ ìtàn Ọya àti awọ ẹfọ̀n tí àwọn àgbà máa ń sọ, àmọ́ Beorn ò ní awọ kankan tó ń gbé wọ̀. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń paradà.

Ohun tí ìwé sọ

Tolkien ò kọ iye ẹsẹ̀ bàtà kankan fún Beorn nínú The Hobbit. Ohun tó sọ ni pé Bilbo, Hobbit inú ìtàn náà, lè gba àárín ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí kọjá láì tẹ orí ba, etí ẹ̀wù Beorn ò sì ní kàn án lórí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Hobbit máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 4. Ká ní Bilbo jẹ́ 3. Bí ẹ̀wù Beorn bá dé orúnkún, a jẹ́ pé orúnkún yẹn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Orúnkún èèyàn kì í sì í tó ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀, nítorí náà Beorn á ti lé ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Bí ẹ̀wù náà bá mọ sí agbedeméjì itan, yóò máa lọ sí bíi 7 àtààbọ̀. Ìṣirò tiwa nìyẹn o, kì í ṣe ti Tolkien.

Tó bá di béárì, ìwé ní béárì dúdú ńlá ni. Nígbà ogun tó parí ìtàn náà, ìbínú mú un dà bíi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òmìrán. Ìwọ̀n rẹ̀ ò dúró sójú kan nìyẹn.

Ohun tí fíìmù fi hàn

Béárì tó tóbi jù láyé lónìí ni béárì funfun ti ilẹ̀ yìnyín àti béárì Kodiak ti Alaska. Akọ ńlá nínú wọn lè wúwo ju kìlógírámù 600 lọ, ó sì lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Ti inú fíìmù ju ìyẹn lọ. Ẹ wo ibi tó ti lé àwọn aràrá 13 wọnú ilé. Gbogbo wọn ló fi èjìká ti ilẹ̀kùn, síbẹ̀ orí rẹ̀ ṣì ń wọlé bọ̀.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe béárì náà. Ní ti Beorn gẹ́gẹ́ bí èèyàn, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá. Wọ́n ṣe àga, tábìlì àti ife ilé rẹ̀ ní ràgàjì, kí àwọn aràrá lè dà bí ọmọdé tó jókòó sórí àga bàbá wọn. Nínú The Lord of the Rings, wọ́n máa ń mú ẹni kan súnmọ́ kámẹ́rà kí ó lè tóbi ju ẹni tó jìnnà lọ. Ọgbọ́n yẹn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú 3D, nítorí ojú á rí i pé ẹnì kan wà níwájú, ẹnì kejì wà lẹ́yìn. Nítorí náà, fún The Hobbit, wọ́n lè ya òṣèré méjì ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kámẹ́rà kejì á máa tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, wọ́n á wá pa àwòrán méjèèjì pọ̀.

Kí ni títóbi náà wà fún?

Fíìmù sọ ọ́: Beorn nìkan ló kù nínú ìran rẹ̀. Àwọn Orc ti pa àwọn yòókù, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ńlá, àga ńlá, ẹnì kan ṣoṣo. Kò fẹ́ràn aràrá, síbẹ̀ ó fún wọn lóúnjẹ, ó sì yá wọn ní ẹṣin. Nínú ìwé, Gandalf ò kó gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Méjì méjì ni wọ́n ń yọjú, kí onílé má baà bínú. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú mọ irú ìṣọ́ra yẹn.

Nítorí náà, tí àwọn ọmọ bá tún bi yín, ẹ sọ fún wọn pé: ọkùnrin náà, ó ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ dáadáa, béárì náà, ó ju gbogbo béárì tó wà láyé lọ. Ẹni tó bá ní òun mọ iye rẹ̀ gan-an, ẹ ní kó fi ojú ìwé tó ti rí i hàn yín.