Ọ̀dà Ajẹfóòmù: Orúkọ Ewu Gbọ́dọ̀ Yé Oníṣẹ́

Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ wa ní bí wọ́n ṣe ń fi fóòmù ṣe bàálù kékeré, ìgbà tí ó bá kan ọ̀dà ni ọ̀rọ̀ máa ń há sí wa lẹ́nu. A ní ọ̀dà, a ní bùrọ́ọ̀ṣì, a ní tínà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn pẹ́ńtà ń pè wọ́n lójoojúmọ́, kò sì sí ìdí tí a ó fi yí wọn padà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni orúkọ fún ewu tí ó wà nínú agolo ọ̀dà. Èrò mi ni pé kí orúkọ kẹ́míkà dúró bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sára agolo, ṣùgbọ́n kí orúkọ ewu jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Fóòmù funfun oníwóro tí wọ́n fi ń ká tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí ni wọ́n ń pè ní EPS. Afẹ́fẹ́ ni ó kó ohun tí ó ju ìdá 95 nínú 100 rẹ̀. Ìyókù jẹ́ awọ ike tín-ín-rín tí ó sé afẹ́fẹ́ náà mọ́. Bí ọ̀dà agolo tí a ń fín, tí ó ní acetone, toluene tàbí xylene nínú, bá kàn án, awọ náà á yòrò, afẹ́fẹ́ á jáde, ojú ìyẹ́ bàálù tí ó tẹ́jú á sì jin kòtò-kòtò. Bí ọ̀dà bá pọ̀ lára rẹ̀, ìyẹ́ á súnkì, á di nǹkan tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní ọ̀dà náà "jó" fóòmù, àwọn mìíràn á ní ó "yọ́" ọ. Iná àti ooru ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń mú wá síni lọ́kàn, ẹni tí ó gbọ́ ọ sì lè rò pé bí òun bá ti kúrò nínú oòrùn, ewu ti tán. Ooru kọ́ ni. Bí iyọ̀ ṣe ń yòrò nínú omi ni EPS ń yòrò nínú toluene. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "amúyòrò" fún irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, ní ìlànà tí ó fún wa ní amúnáwá àti amúlétutù.

Ní ti ọ̀dà fúnra rẹ̀, "jẹ" ló bá a mu: a kúkú ń sọ pé ásíìdì bátìrì jẹ aṣọ mẹkáníìkì. Ọ̀dà ajẹfóòmù nìyẹn, òdìkejì rẹ̀ sì ni aláìjẹfóòmù. "Ọ̀dà olómi" nìkan kò tó, nítorí ọ̀dà agolo lè jẹ́ ti acrylic kí amúyòrò sì wà nínú rẹ̀. Acrylic tí a ń fi omi pò, tí a sì ń fi omi fọ bùrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ni kì í jẹ EPS. Ó tún yẹ kí a dárúkọ fóòmù náà, torí EPP, irú fóòmù mìíràn, kì í tètè yòrò bí EPS.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni "ìdánwò-ègé": gé díẹ̀ lára irú fóòmù kan náà, kùn ún, jẹ́ kí ó gbẹ, kí o sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. 

Irú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe tuntun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún 6. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí wọ́n ń kọ́ni, wọ́n sì wá a.

Ẹ wá wo ìkìlọ̀ yìí: "Amúyòrò wà nínú ọ̀dà yìí. Ajẹfóòmù ni fún EPS. Ẹ ṣe ìdánwò-ègé kí ẹ tó fín in." Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí àwọn tí ń po ọ̀dà nílẹ̀ wa máa tẹ irú rẹ̀ sára agolo wọn.