Èdè-Ìperí fún Àtúnṣe AC Ọkọ̀ Tó Ń Jò

Gbólóhùn tí àwọn onímọ́tò àti àwọn tó ń tún AC ọkọ̀ ṣe máa ń sọ jù ni pé gáàsì ti tán, gbólóhùn yìí gan-an ló sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ náà kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ó sọ gáàsì di ẹgbẹ́ epo bẹntiróòlù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kankan kì í jó gáàsì AC, kì í sì í jẹ ẹ́. Ṣe ló ń yí po: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ a fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná, kọ̀ǹdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀ a gba ooru náà lára rẹ̀, yóò sì di olómi, lẹ́yìn èyí ni yóò gba ojú fáàfù tóóró kọjá, tí yóò tún di gáàsì nínú kọ́ìlì ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù, níbi tó ti ń gba ooru inú ọkọ̀. Bí ó bá dín kù, ibì kan ló ń jò, ìbáà ṣe díẹ̀díẹ̀ láti ara rọ́bà tó ti gbó. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé gáàsì rẹ̀ tán yóò ra òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó jò yóò béèrè ibi tó ti ń jò.

Ọ̀rọ̀ náà jò pàápàá fẹ́ àlàyé, nítorí pé omi ń jò, gáàsì náà ń jò. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àléébù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló di omi lára kọ́ìlì títutù. Nítorí náà, ó sàn kí ìwé pe èyí ní ìkán omi, kí ó sì fi jíjò sílẹ̀ fún gáàsì, kí onímọ́tò má baà máa wá àtúnṣe fún ohun tí kò bàjẹ́.

Orúkọ náà gáàsì kò sọ ju ìdajì lọ, níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń di olómi ní apá kan páìpù. Agbóoru, tí ó wá láti ara gbé àti ooru, sọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. R-134a, ọ̀kan lára agbóoru tó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀, ń hó ní ìwọ̀n 26 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí sì nìyẹn tí èyí tó bá ta síni lójú tàbí lára fi ń ṣeni léṣe. Ní ti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ àyálò ló tọ́, nítorí pé ẹni tó bá ń béèrè asọgáàsìdolómi ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, kò ní rí ẹni dá a lóhùn, kọ̀ǹdẹ́ńsà ni ọlọ́jà mọ̀. Iṣẹ́ àti àléébù ló yẹ kí ó gba orúkọ Yorùbá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kò dé ẹ̀ka ti mẹkáníìkì.

Ìwá-ojú-jíjò, èyí ni wíwá ibi tí agbóoru ń gbà jáde, jẹ́ ohun tí onímọ́tò lè dáwọ́ lé fúnra rẹ̀. Yóò ta omi ọṣẹ sí oríkèé páìpù, ibi tó bá sì ń hó ni ojú-jíjò. Ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ oríkèé náà jẹ́ àmì, nítorí pé ọ́ìlì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ń bá agbóoru jáde. Ojú-jíjò tó bá wà nínú kọ́ìlì ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù kọjá agbára omi ọṣẹ. Èròjà adíhò tí wọ́n ń tà nínú agolo kò yẹ ní ohun tí à ń pè ní oògùn, nítorí pé ó lè dì mọ́ fáàfù tóóró, kí ó sì ba ẹ̀rọ oníṣẹ́ jẹ́.

Bí ó bá wá di pé kí wọ́n tú páìpù, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ onímọ́tò. Ìgbàpadà ló kọ́kọ́ yẹ, èyí ni fífi ẹ̀rọ fa agbóoru tó kù sínú sílíńdà dípò títú u sínú afẹ́fẹ́. R-12 tí ọkọ̀ àtijọ́ ń lò ń ba òsóònù jẹ́, ó sì wà lára ohun tí Àdéhùn Montreal ti 1987 dojú kọ. R-134a kò ba òsóònù jẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Lẹ́yìn àtúnṣe ni ìfàgbẹ, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde pátápátá. Orúkọ náà ìfàgbẹ dára ju ìfàsófo lọ, nítorí pé gbígbẹ ni iṣẹ́ náà wà fún: ọ̀rinrin tó bá ṣẹ́kù yóò bá agbóoru àti ọ́ìlì di ásíìdì, yóò sì máa jẹ irin láti inú.

Àtúnṣe tí kò bá ní ìwá-ojú-jíjò àti ìfàgbẹ nínú, ìfikún lásán ni, orúkọ yìí náà ló sì yẹ kí oníṣẹ́ kọ sínú ìwé owó tó bá fún onímọ́tò.